Bí o ṣe máa ka hydrology àti hydraulics kí ó lè yé ọ: láti orí òjò títí dé ojú gọ́tà

"Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Fọ́múlà yìí ti pọ̀ jù." Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn àbúrò wa tó ń ka civil engineering. Bí sáà tuntun bá ti wọlé, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń dá wọn lóhùn láti ọjọ́ yìí, mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á nísinsìnyí, kí ó sì tún padà kà á nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀la.

Àbúrò mi, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí iṣẹ́ yìí ń dà láàmú ló ń kàwé dáadáa. Wọ́n há fọ́múlà sórí, àmọ́ wọn ò mọ ibi tí omi wà nínú rẹ̀. Ìlànà kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ: tẹ̀lé omi. Láti ìgbà tí òjò bá ti kán sílẹ̀ títí tí yóò fi dé òkun, máa béèrè pé omi yìí ti ibo wá, ó tó mélòó, ibo ló ń lọ, kí ló ń dá a dúró lọ́nà. Fọ́múlà kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ọ̀kan nínú ìbéèrè wọ̀nyí.

## Èwo ni hydrology, èwo ni hydraulics?

Hydrology ń bi ọ́ pé omi mélòó ló ń bọ̀, ìgbà wo ló sì máa dé. Hydraulics ń bi ọ́ pé omi tó ti dé yìí, báwo ló ṣe máa ga tó, báwo ló ṣe máa sáré tó, ṣé ọ̀nà tí a là sílẹ̀ á sì gbà á.

Gbé e wá sí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tó lé ní 180 mìlímítà rọ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Mú pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, tó jẹ́ nǹkan bíi 465 m². Sọ 180 mìlímítà di mítà, ó di 0.18. Ìsọdipúpọ̀ 465 àti 0.18 fún wa ní nǹkan bíi 84 m³. Tánkà omi oní-lítà 10,000 mẹ́jọ nìyẹn, ó tún ṣẹ́ kù, lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo! Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ koríko, apá kan á wọlẹ̀. Bí onílé bá ti da kọnkéré bo gbogbo rẹ̀, ojú títì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ibi tí o ti ṣírò bí òjò ṣe di àgbàrá, hydrology lò ń ṣe. Ibi tí o ti ń béèrè bóyá abẹ́ afárá máa gba àgbàrá náà, o ti wọ hydraulics.

Ẹni tí ìyàtọ̀ yìí bá yé kì í wá fọ́múlà páìpù lọ sínú ìbéèrè òjò.

## Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí o tó ṣí ìwé

- Káńkùlétọ̀ tí o mọ bí a ṣe ń fi ṣe agbára onídá, bíi 0.257 sí agbára 2/3. Dán an wò báyìí. Bí kò bá fún ọ ní nǹkan bíi 0.404, àmì àkámọ́ lo gbàgbé.
- Log, differentiation àti integration díẹ̀, pẹ̀lú mean àti standard deviation.
- Fluid mechanics ọdún kejì. Bí o bá ní carryover nínú rẹ̀, tún un kà lákọ̀ọ́kọ́. Má fò ó.
- Ìwé gíráàfù, pẹ́ńsù, àti Excel tàbí Google Sheets. Èyí tó wà lórí fóònù náà tó.
- Ìbéèrè ìdánwò ọdún márùn-ún sẹ́yìn láti ẹ̀ka yín.

## Ìgbésẹ̀ 1: Di yúníìtì mú ṣinṣin

Bí mo bá ń yẹ iṣẹ́ àwọn àbúrò wò, ibí yìí ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Òjò wà ní mìlímítà, ilẹ̀ wà ní hẹ́kítà, àsìkò wà ní wákàtí, wọ́n sì ní kí o mú ìdáhùn wá ní m³/s. Ohun mẹ́ta péré ni kí o mọ̀ bí ẹní mowó:

1. Òjò 1 mm lórí 1 m² jẹ́ lítà kan.
2. Òjò 1 mm lórí hẹ́kítà kan jẹ́ 10 m³.
3. Òjò 1 mm lórí kìlómítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ 1,000 m³.

Wá wo fọ́múlà rational, èyí tí a fi ń wá àgbàrá tí òjò máa mú wá, Q = CiA/360. Q ni omi tó ń ṣàn ní m³/s, C ni ìpín òjò tó di àgbàrá, i ni bí òjò ṣe ń rọ̀ ní mm láàárín wákàtí kan, A ni fífẹ̀ ilẹ̀ ní hẹ́kítà. Níbo ni 360 ti wá? Bí òjò bá ń rọ̀ ní 1 mm láàárín wákàtí kan lórí hẹ́kítà kan, 10 m³ ló ń wá láàárín 3,600 ìṣẹ́jú àáyá. Pín 10 sí 3,600, ìdá kan nínú 360 ló kù. Ó tán. Bí olùkọ́ yín bá lo km² dípò hẹ́kítà, á di Q = 0.278CiA. Fọ́múlà kan náà ni, aṣọ ló pààrọ̀. Ẹni tó bá lè fa 360 yìí yọ fúnra rẹ̀ kò ní láti há a sórí mọ́.

Ìkìlọ̀: àwọn ìwé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ṣì ń lo ẹsẹ̀ bàtà. Nínú tiwọn, 1.49 ló wà níwájú fọ́múlà Manning (a máa bá a pàdé ní Ìgbésẹ̀ 4), 1 ló sì wà nínú tiwa. Wo ojú ìwé tó ṣàlàyé yúníìtì kí o tó da ohunkóhun kọ.

## Ìgbésẹ̀ 2: Mọ òfin mẹ́ta, kí o sì mọ ìgbà tí o máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan

1. Continuity. Omi tó wọlé ló máa jáde, àyàfi èyí tó bá dúró sínú. Q = AV: A níbí ni àyè tí omi ń gbà kọjá, V ni eré rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá ti fún, omi á sáré.
2. Agbára. Bernoulli: gíga ibi tí omi wà, ìtẹ̀ rẹ̀ àti eré rẹ̀ ń pààrọ̀ ara wọn, ìfarakínra sì ń jẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà.
3. Momentum. Èyí ni kí o pè nígbà tí wọ́n bá béèrè ipá tí omi fi ń ti nǹkan, bíi ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọrọ, tàbí ilẹ̀kùn tó ń dá omi dúró.

Ibi tó ń ṣòro ni láti mọ ìgbà tí Bernoulli kò lè dá ṣe é. Lọ sí ilé ìdáná, ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀ sínú síńkì. Wo ìsàlẹ̀ dáadáa. Ní ibi tí omi ti já, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó ń sáré, ó ń dán. Bó bá ti jìnnà díẹ̀, ó ga sókè lójijì, ó di òrùka, eré rẹ̀ sì kú. Hydraulic jump nìyẹn, ìbátan èyí tó máa ń wà ní ẹsẹ̀ dámù níbi tí omi ti ń ya wálẹ̀. Ìrúkèrúdò tó wà nínú òrùka yẹn ń jẹ agbára, o kò sì tíì mọ iye tó jẹ. O kò lè fi Bernoulli kọjá ibẹ̀. Momentum ni kí o fi wá gíga kejì:

y₂/y₁ = ½(√(1 + 8Fr₁²) − 1)

y₁ àti y₂ ni gíga omi ṣáájú jump àti lẹ́yìn rẹ̀, Fr₁ sì ni iye Froude ṣáájú rẹ̀ (wo Ìgbésẹ̀ 4). Lẹ́yìn tí o bá ti rí gíga méjèèjì, o lè wá padà fi agbára ṣírò ohun tó ṣòfò. Bí ó ṣe tẹ̀ lé ara nìyẹn. Ẹni tó bá yí i padà á sọnù.

## Ìgbésẹ̀ 3: Páìpù

Apá yìí kò le púpọ̀ bí ìgbésẹ̀ kejì bá ti yé ọ. Wá iye Reynolds kí o mọ̀ bóyá omi ń lọ jẹ́jẹ́ ni tàbí ó ń ru: bí kò bá tó 2,000, jẹ́jẹ́ ni, bó bá lé ní 4,000, ó ń ru. Lẹ́yìn náà, wá f, ìyẹn nọ́ńbà ìfarakínra páìpù, kí o ṣírò h, àdánù agbára. L ni gígùn páìpù, D ni fífẹ̀ ẹnu rẹ̀, g ni 9.81 m/s².

Àmọ́ ewu kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi. Ìwé kan á kọ h = fLV²/2gD, ìwé mìíràn á kọ h = 4fLV²/2gD. Méjèèjì tọ̀nà, àmọ́ f inú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti èkejì. Ní ọdún kẹta mi, mo ka f lára àwòrán Moody (èyí tí a fi ń rí f láti iye Reynolds) tó wà nínú ìwé kan, mo gbé e sínú fọ́múlà 4f tó wà nínú ìwé kejì. Mú páìpù tó gùn ní 100 m, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.1 m, tí omi ń sáré nínú rẹ̀ ní 2 m/s, kí f jẹ́ 0.02. Ìdáhùn tó yẹ jẹ́ nǹkan bíi 4.1 m. Tèmi jáde ní 16.3 m. Ìṣirò mi mọ́ láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ibi tí mo ti ṣi nọ́ńbà kankan, ó sì pa máàkì mi lára gidigidi.

Ọ̀nà tí o fi máa mọ̀ kò le. Wo bí ìwé náà ṣe kọ f fún omi tó ń lọ jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ 64/Re, ti àkọ́kọ́ ni. Bó bá jẹ́ 16/Re, ti 4f ni. Kọ èyí tí ẹ̀ka yín ń lò sí ẹ̀yìn ìwé rẹ.

## Ìgbésẹ̀ 4: Gọ́tà, ọ̀nà omi àti odò

Nínú páìpù tó kún, ògiri ló ká omi mọ́. Nínú gọ́tà àti odò, ojú omi ṣí sí afẹ́fẹ́, gíga rẹ̀ sì lè yí padà. Ohun tó mú iṣẹ́ yìí ṣòro jù ti páìpù lọ nìyẹn.

Fọ́múlà Manning ni ìyá iṣẹ́ níbí: V = (1/n) R^(2/3) S^(1/2).

- n ni bí ara ọ̀nà omi ṣe rí. Kọnkéré tó dán wà ní ìtòsí 0.013, ọ̀nà omi oníyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ wà ní ìtòsí 0.025, bí koríko bá hù sínú rẹ̀, ó lè kọjá 0.035.
- S ni ìdagẹ̀rẹ̀.
- R ni àyè tí omi gbà, tí a pín pẹ̀lú gígùn ara gọ́tà tí omi fọwọ́ kàn. Má ka ojú omi tó kọjú sí ojú ọ̀run mọ́ ọn. Kò sí ògiri níbẹ̀.

Lẹ́yìn Manning, kọ́ iye Froude, tó ń fi eré omi wé eré ìgbì kékeré lójú rẹ̀. Bó bá kéré sí 1, omi ń lọ pẹ̀lẹ́. Bó bá ju 1 lọ, ó ń sáré àsápajúdé. Ju òkúta wẹ́wẹ́ sínú omi tó ń ṣàn. Bí òrùka rẹ̀ bá lè gun òkè odò lọ, Froude kéré sí 1. Bí odò bá gbá gbogbo rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó ju 1 lọ.

Àwọn M1, M2, S1 àti ẹgbẹ́ wọn, ìyẹn orúkọ oríṣiríṣi ìrísí ojú omi, máa ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́. Má há orúkọ wọn sórí lákọ̀ọ́kọ́. Ya ìlà normal depth (gíga tí Manning fún ọ bí ohunkóhun kò bá dí omi lọ́nà), ya ìlà critical depth (gíga tí Froude fi jẹ́ 1), kí o wá béèrè bóyá ojú omi wà lókè àwọn méjèèjì, láàárín wọn, tàbí nísàlẹ̀ wọn. Omi tó ń kó jọ sẹ́yìn dámù lórí odò tó ń lọ pẹ̀lẹ́, bíi odò Ọ̀ṣun lẹ́yìn dámù Aṣéjìrè, M1 nìyẹn. Bí o bá ti ní àpẹẹrẹ kan lójú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ á dúró fúnra rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Òjò di àgbàrá

Tẹ̀ lé e bí ó ṣe wà yìí, má fo ọ̀kan kọjá:

1. Pààlà ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wá síbi tí o dúró sí. Orí òkè ni ààlà rẹ̀ máa ń gbà. Lo máàpù tó ní ìlà gíga ilẹ̀, kí o sì fi ọwọ́ ya á ní ìgbà àkọ́kọ́.
2. Wá òjò tó rọ̀ sórí ilẹ̀ náà. Bí ibùdó ìwọnjò bá ju ọ̀kan lọ, tí wọn kò sì pín ilẹ̀ dọ́gba, ọ̀nà Thiessen, tó ń fún ibùdó kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ni kí o lò.
3. Yọ ohun tó wọlẹ̀, tó dúró sára ewé, tó kún inú kòtò. Èyí tó ṣẹ́ kù ló di àgbàrá.
4. Ya hydrograph, ìyẹn àwòrán bí odò ṣe kún tó sì fà láti wákàtí dé wákàtí.
5. Ya base flow sọ́tọ̀. Omi tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ látinú ilẹ̀ ni, òun ni kì í jẹ́ kí odò Ògùn gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò àná kọ́ ló mú un wá, nítorí náà má kà á mọ́ ti òjò àná.
6. Lo unit hydrograph.

Ibi unit hydrograph ni ọ̀pọ̀ ti ń já jù. "Unit" yẹn túmọ̀ sí òjò 1 cm tó di àgbàrá lórí gbogbo ilẹ̀ náà láàárín àsìkò kan pàtó, bíi wákàtí méjì. Bí wọ́n bá ní kí o sọ ti wákàtí méjì di ti wákàtí mẹ́rin, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tún un kọ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí méjì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kí o ro wọ́n pọ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí jẹ́ ti òjò 2 cm, nítorí náà pín in sí méjì. Ìpín yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Lo àyẹ̀wò yìí nígbà gbogbo: ro gbogbo omi abẹ́ àwòrán náà pọ̀, pín in pẹ̀lú fífẹ̀ ilẹ̀. Bí kò bá jẹ́ 1 cm, padà sẹ́yìn.

## Ìgbésẹ̀ 6: "Omíyalé ọdún 50" kò túmọ̀ sí ohun tí o rò

Kì í ṣe pé ó máa wá lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún wá lọ sùn fún ọdún 49. Ó túmọ̀ sí pé ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú 50 ni àǹfààní rẹ̀ láti wá. Ó lè wá lọ́dún yìí, kí ó sì padà wá ní ọdún tó ń bọ̀.

Bí afárá kan bá máa wà fún ọdún 50, tí a sì fi omi ọdún 50 ṣe é, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó kí omi náà bá a kí ọjọ́ ayé rẹ̀ tó pé? 1 − (1 − 1/50)⁵⁰ jẹ́ nǹkan bíi 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìṣirò yìí, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé n kò gbà pé ó lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ọdún tó gùn ju ọjọ́ ayé afárá lọ fún ibi tí ẹ̀mí èèyàn wà.

Fún ìtò àkọsílẹ̀: to omi tó ga jù lọ́dọọdún láti orí èyí tó pọ̀ jù, fún un ní m = 1, èyí tó tẹ̀ lé e m = 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí o lo T = (n + 1)/m. T ni ìgbà ìpadàbọ̀ ní ọdún, n níbí sì ni iye ọdún àkọsílẹ̀, kì í ṣe n ti Manning. Pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ọdún 29, èyí tó ga jù á gba ọdún 30.

## Ìgbésẹ̀ 7: Dá gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójú gọ́tà àdúgbò rẹ

Bí o kò bá ní àsìkò fún ìgbésẹ̀ mìíràn, ṣe èyí. Mú tẹ́èpù ìwọnlẹ̀, jáde nígbà tí òjò kò rọ̀. Omi tó ń sáré, tó dé orúnkún péré, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Má wọnú gọ́tà nígbà òjò nítorí ìṣirò kankan.

Ká sọ pé ilẹ̀ tó ń da omi sí gọ́tà náà jẹ́ hẹ́kítà 6, ilé àti kọnkéré ló pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà C jẹ́ 0.7, òjò sì ń rọ̀ ní 100 mm láàárín wákàtí kan.

Q = 0.7 × 100 × 6 ÷ 360 = 1.17 m³/s. Ohun tó ń bọ̀ nìyẹn.

Gọ́tà náà jẹ́ kọnkéré, ó fẹ̀ ní 0.9 m, ó jìn ní 0.6 m, ó ń sọ̀kalẹ̀ ní ìdajì mítà láàárín 100 m. Lo n = 0.015.

1. Àyè omi: 0.9 × 0.6 = 0.54 m²
2. Ara gọ́tà tí omi kàn: 0.9 + 0.6 + 0.6 = 2.1 m
3. R = 0.257 m
4. V = 0.404 × 0.0707 ÷ 0.015 = 1.90 m/s
5. Q = 0.54 × 1.90 = 1.03 m³/s

Gọ́tà tó kún dé ẹnu gba 1.03, 1.17 ló ń bọ̀. Á ya.

Wá jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa gọ́tà wa. Ka ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n gba 20 cm. Jíjìn rẹ̀ di 0.4 m, ara rẹ̀ kò dán mọ́, n di 0.025. Tún un ṣe: R jẹ́ 0.212, V jẹ́ nǹkan bíi 1.0 m/s, Q jẹ́ 0.36 m³/s. Ìdọ̀tí gba ìdá kan nínú mẹ́ta gíga gọ́tà náà, ó sì kó nǹkan bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Nọ́ńbà yìí ni o fi máa ṣàlàyé fún onílé bí kò ṣe ní gbà.

Bí o bá sọ fífẹ̀ rẹ̀ di 1.2 m, tí o kó ìdọ̀tí kúrò, á gba nǹkan bíi 1.52 m³/s. Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè fún ìgbì àti ohun tí o kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, pààrọ̀ i, pààrọ̀ C, kí o wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni òye ti ń wọlé.

Ìkìlọ̀ lórí i: má ṣe pín òjò ọjọ́ kan sí 24. Òjò 100 mm lè rọ̀ tán láàárín wákàtí kan. Bí o bá pín in sí 24, á di 4.2, gọ́tà rẹ á sì dà bí èyí tó tóbi. Wá àsìkò tí omi fi ń ti ìkángun ilẹ̀ náà dé ẹnu gọ́tà, kí o ka i ti àsìkò yẹn lára àwòrán IDF, èyí tó ń fi hàn bí òjò ṣe le tó fún àsìkò àti ìgbà ìpadàbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Má sì lo rational fún odò ńlá. Ilẹ̀ kékeré ni wọ́n ṣe é fún.

## Ìgbésẹ̀ 8: Kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn tí o bá ti fi ọwọ́ ṣe é

Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà, HEC-HMS wà fún òjò sí àgbàrá, HEC-RAS fún odò, EPANET fún páìpù ìlú, SWMM fún gọ́tà ìlú. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kọ́kọ́ gbé gọ́tà òkè yìí sínú HEC-RAS, kí o rí i bóyá ó fún ọ ní ohun tó sún mọ́ tìrẹ. Bí kò bá fún ọ, nǹkan kan wà tí o fi síbẹ̀ tí kò tọ̀nà. Kọ̀ǹpútà kì í bi ọ́ bóyá n rẹ bá ilẹ̀ mu. Ohun tí o bá fún un ló máa lò.

## Bí nǹkan ò bá rọrùn

Kò sí ohun èlò ní lábù? Wá ọ̀nà omi tó mọ́, tí kò jìn, ní ọjọ́ tí kò sí òjò. Wọn 10 m létí rẹ̀. Ju ọsàn kan sínú rẹ̀ lókè, kí o fi fóònù ka àsìkò tó gbà. Bó bá gba 8 ìṣẹ́jú àáyá, eré ojú omi jẹ́ 1.25 m/s. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.85, nítorí omi ìsàlẹ̀ kì í sáré tó ti òkè. Ṣe é ní ìgbà márùn-ún, kí o lo àárín wọn.

Kò sí laptop? Google Sheets orí fóònù á ṣe unit hydrograph àti Manning láìsí wàhálà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ìdánwò? Lo ọjọ́ mẹ́ta fún yúníìtì àti òfin mẹ́ta, méjì fún páìpù, mẹ́ta fún Manning àti jump, mẹ́ta fún unit hydrograph, ọ̀kan fún ìgbà ìpadàbọ̀. Ọjọ́ tó kù, fi ìbéèrè àtijọ́ dán ara rẹ wò pẹ̀lú aago. S-curve (ọ̀nà mìíràn tí a fi ń yí àsìkò unit hydrograph padà) àti ìṣirò gígùn ojú omi, fi wọ́n sílẹ̀ títí ìyókù á fi dúró.

## Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò

- Ya àwòrán kí o tó kọ fọ́múlà kankan. Fi ọfà hàn ibi tí omi ń lọ.
- Sọ gbogbo yúníìtì di mítà àti ìṣẹ́jú àáyá ní ìlà àkọ́kọ́.
- Kọ ohun tí o fọkàn gbà, bíi n tàbí C, sílẹ̀ kedere.
- Yẹ ìdáhùn wò: gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì tí omi ń sáré ní 40 m/s nínú rẹ̀ kò sí láyé. Padà wá ibi tí o ti ṣì í.

## Bí o bá fẹ́ fi ṣe project

Ọ̀rọ̀ data ló máa ń dá wọn dúró, nítorí náà má dúró de ìparí sáà àkọ́kọ́. Àjọ NiMet ló ní ti òjò, NIHSA ló ní ti odò, àjọ Ogun-Osun River Basin tó wà ní Abẹ́òkúta sì ni ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí àwọn odò wa kọ́kọ́ máa ń tọ̀ lọ. Àkọsílẹ̀ lè ní ihò, ọdún kan lè ṣófo. Béèrè ọdún tó pọ̀ ju èyí tí o nílò. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ka yín, kọ orúkọ ibùdó àti ọdún tí o fẹ́ sínú rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó bá gbà á fọwọ́ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ rẹ.